Ògèdèǹgbé Agbógungbórò: Ọ̀gágun Tí Ìbàdàn Kọ́ Ní Ogun, Tí Ó sì Dojú Ogun Kọ Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá dúró ní Oríta-mẹ́rin, ní àárín ògbólógbòó ìlú Ìbàdàn, kò ní rìn jìnnà kí ó tó kan àwọn ibi tí wọ́n so mọ́ ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí. Òkè Mápó wà nítòsí, Ọjà'ba wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, Bẹẹrẹ àti Béyerúnká kò sì jìnnà. Lórí Òkè-Ààrẹ ni ilé gogoro tí àwọn ará ìlú ń pè ní Láyípo wà, èyí tí a kọ́ parí ní ọdún 1936. Ní Kúdẹtì ni ìjọ Dáfídì Mímọ́ wà, ní Arẹ̀mọ sì ni ìjọ Pétérù Mímọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gba àwọn ọ̀nà wọ̀nyí lọ sí ìsìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kò rántí pé ìtàn ọkùnrin kan ṣoṣo, tí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, lè kó gbogbo ibi wọ̀nyí jọ.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Ògèdèǹgbé, Sẹ́ríkí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀ṣà, ọ̀gágun àgbà fún Èkìtì-Parapọ̀, ẹni tí ó di Ọbańlá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kí ó tó kú ní ọdún 1910. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pè é ní Agbógungbórò títí di òní. Ní ìhà tiwa níhìn-ín, ọ̀tá ni àwọn baba wa kà á sí fún ọdún pípẹ́. A mú ìtàn rẹ̀ wá síwájú ẹ̀yin ará nínú Olúwa nítorí pé ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì ń jókòó pọ̀ lórí ìjókòó kan nínú àwọn ìjọ wa, síbẹ̀ a ṣì máa ń gbọ́ tí a ń fi ogun Kírìjì ṣe ìfọ́nnu sí ara wa. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn náà dáradára kò ní rí ohun púpọ̀ fi fọ́nnu níbẹ̀. Yóò rí ohun tí ó tó láti bẹ̀rù Ọlọ́run àti láti dúpẹ́.

Ọmọ Àtòrìn nílé Ìbàdàn

Àtòrìn, ìlú kékeré kan ní agbègbè Iléṣà, ni a ti bí i. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Òrìṣàráyíbí. Ìgbà tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan ni a bí i sí. Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń wá ibùdó, Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ bí àgọ́ àwọn jagunjagun sì wá di ìlú tí apá rẹ̀ nà dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Àkókó. Ní ìlú náà, ìdílé ọba kọ́ ni ó ń gbé ènìyàn ga. Ẹni tí ó bá gbóyà lójú ogun, tí ó sì lè bọ́ àwọn ọmọ ogun, ni ó ń gba oyè.

Nígbà tí Òrìṣàráyíbí wà ní ọ̀dọ́, ogun Ìbàdàn mú un lẹ́rú. Wọ́n mú un wá sí ìlú yìí, ó sì wà lábẹ́ jagunjagun kan tí à ń pè ní Badà Akíìkọ́. Ẹrú ogun ní Ìbàdàn ayé ìjọ́un lè ṣe iṣẹ́ oko, a sì lè tà á. Ṣùgbọ́n bí olówó rẹ̀ bá rí i pé ó ní ìgboyà, a lè fún un ní ìbọn, kí ó sì tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun lọ sójú ìjà. Ọ̀nà yìí ni Ògèdèǹgbé gbà mọ̀ bí a ti ń pàgọ́ ogun, bí a ti ń ṣọ́ ọ̀nà, bí a ti ń fi sùúrù sé ìlú mọ́, àti bí a ti ń kó ọkùnrin púpọ̀ sábẹ́ àṣẹ kan. Ó mọ ọgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn, ó sì mọ àléébù wọn.

Bí a bá ń ronú lórí èyí, Mósè ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ilé Fáráò ni a ti tọ́ ọ dàgbà, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì, kí ó tó di ẹni tí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Kò sí alágbára kan nílẹ̀ ayé tí ó mọ ẹni tí òun ń tọ́ dàgbà nínú ilé ara rẹ̀. Ìbàdàn kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ìṣubú Iléṣà

Lẹ́yìn ìgbà tí Ògèdèǹgbé ti padà sí ilé, ogun dé bá Iléṣà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn dó ti ìlú náà, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó gbé ìjà kò wọ́n sì ni ẹrú Badà Akíìkọ́ àtijọ́ yìí. Ebi wọ inú ìlú nígbà tí àgọ́ àwọn ọ̀tá yí i ká. Ní ọdún 1870, Iléṣà ṣubú. A kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́rú. Ògèdèǹgbé bọ́, ó sì lọ tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú, nítòsí Àkúrẹ́.

A kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó ṣe níbẹ̀ pamọ́. Fún bí ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ogun ni ó fi ṣe oúnjẹ. Òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọlu àwọn ìlú ní ìhà Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Àkókó, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tí a ti mú lẹ́rú rí di ẹni tí ń mú ọmọ ẹlòmíràn lẹ́rú. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ogun ṣe ń ran ènìyàn nìyí. Kì í pa ẹni tí a ṣe é sí nìkan, ó tún máa ń sọ ẹni tí ó yè dà bí ẹni tí ó ṣe é. Àwọn Kristẹni ilẹ̀ Àkókó àti Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bá ń ka ìtàn yìí ní ẹ̀tọ́ láti rántí ìhà yìí nínú ayé rẹ̀.

Ogun Kírìjì

Ìbàdàn ní tirẹ̀ fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tí ó ṣẹ́gun. Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ni láti ṣojú olúwa rẹ̀ àti láti gba ìsákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń fi agbára gba ohun ìní àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń tàbùkù àwọn ọba nínú ìlú tiwọn. Àwa ọmọ Ìbàdàn kò ní láti tijú àtisọ òtítọ́ yìí, nítorí ibi tí a kò bá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìdáríjì kò lè fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1878, Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn nínú ìṣọ̀tẹ̀ náà, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sì so ọwọ́ pọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ìṣọ̀kan náà ni Èkìtì-Parapọ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ti Ìbàdàn borí àwọn tí ó para pọ̀ dìde sí Ìbàdàn níwájú ìlú Ìkìrun. Ogun yìí ni a ń pè ní ogun Jálumi. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun náà, Ìbàdàn rò pé ọ̀ràn ti parí. Kò parí. Àwọn Èkìtì-Parapọ̀ ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé ní Ìta-Ògbólú pé kí ó wá ṣe olórí wọn. Kò yára dáhùn. Ó mọ Ìbàdàn ju gbogbo wọn lọ, ó sì mọ ohun tí yóò ná wọn. Nígbà tí ó wá dé, àwọn ọmọ ogun tí ó ti wà káàkiri di ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn sì pàgọ́ tirẹ̀ sí ìhà Ìgbájọ, lábẹ́ Ààrẹ Látòósà fúnra rẹ̀, ẹni tí Òkè-Ààrẹ ń jẹ́ orúkọ oyè rẹ̀.

Láàárín òkè àti àfonífojì ibẹ̀ ni àgọ́ méjèèjì ti kọjú sí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹrú tàbí ẹni tí ó padà bọ̀ láti Sàró, fi owó ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ìró àwọn ìbọn náà láàárín àwọn òkè ni ó fún ogun náà ní orúkọ, Kírìjì. Ìbọn ṣakabùlà tí Ìbàdàn gbẹ́kẹ̀ lé kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ó kan ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó rán ìbọn wọ̀nyí láti Èkó jẹ́ Kristẹni, tí ń lọ sí ilé Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, àwọn onígbàgbọ́ wà tí ọmọ àti ẹ̀gbọ́n wọn wà nínú àgọ́ Ìgbájọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Dáníẹ́lì Olúbi ni ó ń ṣe àbójútó ìjọ Kúdẹtì, tí David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna dá sílẹ̀ ní ọdún 1853. Ní Kúdẹtì, a ń gbàdúrà kí Ọlọ́run pa àwọn ọmọ Ìbàdàn mọ́. Ní Èkó, a ń gbàdúrà kí Ọlọ́run ran Èkìtì-Parapọ̀ lọ́wọ́. Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wọn ń ké pè. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti dí ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun mọ́ Ìbàdàn, tí ọjà fi wọ́n, tí ìyà sì jẹ tálákà tí kò mọ ìdí ogun.

Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì

Ogun náà di èyí tí kò sí ẹni tí ó lè ṣẹ́ ẹ, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ bí a ó ti fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí kọ ìwé sí Gómìnà ní Èkó pé kí ó bá wọn dá sí i. Ní ọdún 1885, Ààrẹ Látòósà kú sínú àgọ́, láìrí ìparí ogun tí ó bẹ̀rẹ̀. Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹ̀kún gba ipò olórí ogun lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1886, Gómìnà Moloney yan àlùfáà ọmọ Yorùbá méjì láti gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ. Èkínní ni Samuel Johnson, ẹni tí a bí ní Sàró ní ọdún 1846, tí ó dàgbà ní Ìbàdàn, tí ó sì kọ́ni ní Kúdẹtì àti Arẹ̀mọ kí ó tó di òjíṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́. Òun ni a rán sí Aláàfin àti sí Ìbàdàn. Èkejì ni Charles Phillips, òjíṣẹ́ ìjọ ní Oǹdó, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1893. Òun ni a rán sí ìhà Èkìtì-Parapọ̀, sí àgọ́ Ògèdèǹgbé. Wọn kò ní ọmọ ogun, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n lè fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ní ni pé wọ́n gbọ́ èdè àwọn ènìyàn wọn, wọ́n mọ àṣà wọn, ìhà méjèèjì sì lè gbà wọ́n gbọ́.

Ibí yìí ni ìtàn Ògèdèǹgbé ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ jagunjagun. Ó ní ìbọn tí ó dára ju ti Ìbàdàn lọ, olórí ogun Ìbàdàn tí a ń bẹ̀rù jù lọ sì ti kú. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé àkókò ẹ̀san dé. Ìlú rẹ̀ ni a fọ́ ní ọdún 1870, òun fúnra rẹ̀ ni a ti fi ṣe ẹrú nínú ìlú yìí. Ṣùgbọ́n òmìnira ni ó bá wá sójú ogun, nígbà tí a sì fi òmìnira lọ̀ ọ́ nínú ìwé, ó gbà á. Àwọn baba wa a máa wí pé bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Òun àti àwọn ọ̀gágun Ìbàdàn fi hàn pé àwọn mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, a kéde àlàáfíà lójú ogun, a sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ìwé náà sọ pé Ìbàdàn àti Èkìtì-Parapọ̀ wà lómìnira kúrò lábẹ́ ara wọn. Ìlú Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó bá fẹ́ kó lọ lè kó lọ ní àlàáfíà. Lẹ́yìn èyí, ìhà méjèèjì kúrò nínú àgọ́ wọn. Ogun Ọ̀fà àti Ìlọrin kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lè tètè wọlé, Ìkìrun ni wọ́n wà títí di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá tú wọn ká. Ṣùgbọ́n Kírìjì kò tún dún mọ́.

Jagunjagun nígbà àlàáfíà

Ó rọrùn láti fi ìwé parí ogun ju kí a fi ìwé yí ọkàn jagunjagun padà lọ. Àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ń fi agbára gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àwọn arìnrìn-àjò sì ń ráhùn. Ní ọdún 1894, Ọ̀gágun Bower, tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, mú Ògèdèǹgbé, a sì fi í sí ìgbèkùn ní Ìwó fún ìgbà kan. Ó ti wà ní ìgbèkùn nígbà èwe rẹ̀, ó tún wọ ìgbèkùn ní ìgbà ogbó. Ní ìrántí Bower yìí ni a kọ́ Láyípo sórí Òkè-Ààrẹ. Ẹ kíyè sí i pé orí òkè kan náà ni orúkọ Ààrẹ tí ó bá Ògèdèǹgbé jà àti ti òyìnbó tí ó mú un wà.

Nígbà tí a tú u sílẹ̀, ó padà sí Iléṣà. Ìtàn Ìjẹ̀ṣà kò gbàgbé pé wọ́n fi adé Ọwá lọ̀ ọ́, tí ó sì kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1896, Frederick Kúmọ́kùn Haastrup gorí oyè gẹ́gẹ́ bí Ọwá Ajímọ́kọ̀ Kìíní. Kristẹni ni, ẹni tí a ti mú lẹ́rú rí nígbà èwe, tí ó dé Sàró, tí ó sì ṣòwò ní Èkó. Lábẹ́ ọba yìí, ní ọdún 1898, Ògèdèǹgbé di Ọbańlá, olóyè àgbà nínú ìgbìmọ̀ Ọwá. Ọmọ ẹrú àná méjì ni wọ́n jókòó síwájú ìlú tí wọ́n ti fọ́, tí wọ́n ń tún un ṣe. Ògèdèǹgbé kú ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1910. Ère rẹ̀ dúró ní Iléṣà.

Ohun tí a rí kọ́

A kò pe Ògèdèǹgbé ní ẹni mímọ́. Ìwé Mímọ́ kọ́ wa bí a ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ogun láìpurọ́ fún wọn. A kà nípa Gídíónì pé nígbà tí àwọn ènìyàn fẹ́ fi í jọba, ó kọ̀. Orí kan náà sì ni ó sọ fún wa pé ohun tí ó fi ìkógun ṣe di ìdẹkùn fún ilé rẹ̀. A kà nípa Dáfídì pé Olúwa fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó kọ́ Tẹ́ḿpìlì, nítorí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ó ti ta sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a rí ọkùnrin yìí: ìgboyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn, ìkógun rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí ó sì ti gbà láti gbé ìbọn sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lágbára jẹ́ oore-ọ̀fẹ́.

Ẹ sì wo èso àlàáfíà náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀nà là, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ lérí kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń tà á ní àwìn. Àwọn ni a mọ̀ sí òṣómàáló. Ọmọ àwọn tí Ìbàdàn kó lẹ́rú wá sí àárín àwọn ọmọ Ìbàdàn pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́, wọ́n gbà wọ́n sílé, wọ́n sì bá wọn ṣe àna. Nínú àwọn ìjọ wa lónìí, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ọmọ Ìgbájọ yàtọ̀ sí ọmọ Ìmẹ̀sí.

Samuel Johnson kú ní ọdún 1901, ogún ọdún sì kọjá kí a tó tẹ ìwé ìtàn ńlá tí ó kọ jáde. Àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n fún ìwé náà. Ní tiwa, a gbà pé iṣẹ́ tí òun àti Phillips ṣe ní ọdún 1886 kò kéré sí i. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ìjà wà nínú ìjọ, nínú ẹbí, láàárín ìlú àti ìlú, tí ń retí ẹni tí yóò dìde rìn láti àgọ́ kan dé èkejì. Iṣẹ́ náà kì í ní ariwo, a kì í sì í kọ́ ilé gogoro fún ẹni tí ó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n Olúwa wa pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní alábùkún-fún.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún kọjá ní Oríta-mẹ́rin, tí ẹ sì rí Láyípo lókèèrè, ẹ rántí ọmọ Àtòrìn tí a mú wọ ìlú yìí nínú ìdè. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ìjà dópin, kí ó sì gbé àwọn tí yóò gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà dìde láàárín wa. Àmín.